Ẹ̀ṣẹ̀ Abẹ́ Fìlà: Láti Ọ̀dọ̀ Ìjàpá Dé Ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ Oníbòjú

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ òǹkàwé wa sọ ní Yaba nìyí, bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti bò mí lóhùn nìkan ni mo tún ṣe.

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yin tíṣà, mo kí yín, ẹ̀yin ọmọ yunifásítì tẹ́ ẹ sáré lọ jókòó síbi tí fáànù ti ń fẹ́ dáadáa, mo rí yín o. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbéra láti Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland kí wọ́n tó débí, ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ìdààmú.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ àti àléébù ọmọ èèyàn nínú àwọn ìtàn kékeré tó ti pẹ́ láyé, àwọn tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn ní lítíréṣọ̀. Mo máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ Ìjàpá ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ torí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó máa ní òun ò ka ìwé yẹn.

Ẹ rántí ìtàn yẹn. Ìjàpá lọ sílé àwọn àna ẹ̀, wọ́n ń se ẹ̀bẹ, epo ń hó lójú ìkòkò, òórùn ẹ̀ ń ta á nímú, ó sì rò ó pé tóun bá dúró dìgbà tí wọ́n máa bu oúnjẹ, òun á ti kú. Bí wọ́n ṣe kúrò nídìí ààrò báyìí, ó ṣí fìlà, ó bu ẹ̀bẹ gbígbóná sínú ẹ̀, ó dé e padà mọ́rí, ó ní ó dàbọ̀ o, òun ń lọ. Àwọn àna ní rárá, ṣé èèyàn ń jẹ́ kí àna ẹ̀ dá lọ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn máa sìn ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òjò rọ̀ lọ́dọ̀ yín, iṣu ọdún yìí ńkọ́? Gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bá bi í, iná ni lórí ẹ̀. Ó ń sọ pé ẹ padà, ẹ padà, ó ti tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àfi káwọn sìn ín dé ìkóríta. Epo ti ń ṣàn wá síwájú orí, ojú ti pọ́n, nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́ ló bá já fìlà sọnù lójú gbogbo wọn, orí ti bó. Orí yẹn ò sì hu irun mọ́ dòní.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó fura sí i. Kò sẹ́ni tó yẹ ìkòkò wò, kò sẹ́ni tó ní kó ṣí fìlà. Ìwà ọmọlúàbí àwọn àna ẹ̀ ló tú àṣírí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọdá òkun. Ní oṣù January ọdún 1843, magasíìnì kan bẹ̀rẹ̀ ní Boston, The Pioneer lorúkọ ẹ̀, James Russell Lowell ló wà nídìí ẹ̀, ẹ̀dà mẹ́ta péré ló jáde tó fi kógbá sílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀dà mẹ́ta yẹn: nínú èyí àkọ́kọ́, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Edgar Allan Poe, gbé ìtàn "The Tell-Tale Heart" síbẹ̀, nínú èyí tó kẹ́yìn, ti oṣù March, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà míì, Nathaniel Hawthorne, gbé ìtàn "The Birth-Mark" síbẹ̀. Méjèèjì la máa fọwọ́ kàn lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe magasíìnì tówó ò sì wọlé, ẹ mú ọkàn le.

Nínú ìtàn Poe, ọkùnrin kan tá ò mọ orúkọ ẹ̀ ló ń fẹnu ara ẹ̀ ròyìn bóun ṣe pa bàbá arúgbó kan tí wọ́n jọ ń gbélé. Ó ní bàbá yẹn ò ṣẹ òun rí, òun ò sì fẹ́ owó ẹ̀, ojú kan báyìí ni bàbá ní, ojú búlúù ràkọ̀ràkọ̀ tí nǹkan bò lójú bíi ti igún, ojú yẹn lòun ò fẹ́ rí mọ́. Alẹ́ méje gbáko ló fi ń rọra ṣí ilẹ̀kùn bàbá láàárín òru, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sójú yẹn, ojú náà ń wà ní pípadé, kò sì lè pa á. Lálẹ́ ọjọ́ kẹjọ, ojú là, ó pa á, ó gé e wẹ́wẹ́, ó ṣí pákó ilẹ̀ yàrá, ó kó o sábẹ́ ẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìdájí ọlọ́pàá mẹ́ta kan ilẹ̀kùn, aládùúgbò ló gbọ́ igbe. Ọkùnrin yìí ní ẹ wọlé, ẹ wá gbogbo ilé, ara ẹ̀ yá gágá, ó tún lọ gbé àga wá kí wọ́n jókòó, ó sì gbé tiẹ̀ lé orí pákó yẹn gan-an.

Àwọn ọlọ́pàá ò rí nǹkan kan. Wọ́n jókòó, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ibẹ̀ ni etí ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn kan, kí, kí, kí, ó ní bí ìgbà téèyàn bá fi òwú wé aago ọwọ́, ó ń le sí i, òun náà ń pariwo kó lè bò ó mọ́lẹ̀, ó ń wọ́ àga kiri, àwọn yẹn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọn lọ. Ó wá rò ó pé wọ́n gbọ́, wọ́n kàn ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ló bá figbe ta pé kí wọ́n ṣí pákó yẹn, ibẹ̀ ni ọkàn bàbá yẹn ti ń lù!

Ẹ ò rí i pé àwọn àna Ìjàpá náà nìyẹn. Ọlọ́pàá tó bá ń gbáni létí, èèyàn lè mú un jẹ. Èyí tó jókòó tó ń béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ara ò gbà á. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ tóbi o, torí tí wọ́n bá parí àlọ́ Ìjàpá gbogbo wa la máa rẹ́rìn-ín, lálẹ́ ọ̀la Ìjàpá á tún wà nínú àlọ́ míì, á tún lọ jí nǹkan míì, ìlú sì tún máa gbà á. Ọkùnrin Poe ò ní ọ̀la. Kò ní àna, kò ní ẹbí, kò tiẹ̀ ní orúkọ.

Ìyàtọ̀ kejì ni mo torí ẹ̀ wá síbí. Nínú àlọ́ tiwa, a mọ ohun tó wà lábẹ́ fìlà, ẹ̀bẹ ni. Hawthorne ní òun ò ní sọ.

Ní 1836 ló gbé "The Minister's Black Veil" jáde. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Milford, láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, àwọn géńdé ń yọjú wo àwọn ọmọge tó wọṣọ, pásítọ̀ wọn Hooper wá jáde nílé ẹ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ọgbọ̀n ọdún bó ti wù kó rí, kò tíì láya, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó fi aṣọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ìṣẹ́po méjì kan bojú láti iwájú orí dé òkè ẹnu, ẹnu àti àgbọ̀n nìkan lẹ lè rí. Kò sọ ìdí. Ó gun pẹpẹ, ó ka Bíbélì láti abẹ́ ẹ̀, ó wàásù lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀, àwọn ohun tá à ń fi pa mọ́ fún àwọn tó sún mọ́ wa jù, tá a tún ń fẹ́ fi pa mọ́ fún ara wa. Hawthorne ní kò pariwo, kò fọwọ́ gbá pẹpẹ, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ń gbọ̀n, látorí ọmọbìnrin kékeré tí kò tíì mọ nǹkan kan títí dé orí ọkùnrin tọ́kàn ẹ̀ ti yigbì, kálukú ń rò ó pé pásítọ̀ ti yọ́ wọ inú òun, ó ti rí ohun tó wà níbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó lọ síbi òkú ọmọbìnrin kan. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ orí pósí láti dágbére fún un, aṣọ yẹn wá rọ̀ sílẹ̀, ojú òkú nìkan ló lè rí i, ìyá arúgbó kan sì ní òun rí i tí òkú yẹn gbọ̀n rìrì. Lálẹ́ ó lọ so tọkọtaya pọ̀, ọwọ́ ìyàwó tutù nini, bí pásítọ̀ ṣe gbé ife wáìnì sókè láti ṣàdúrà fún wọn ló rí ara ẹ̀ nínú dígí, ẹ̀rù ba òun alára, wáìnì dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sáré wọ inú òkùnkùn lọ.

Ẹ̀yin ará Erékùṣù, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Kí ló wà nínú aṣọ ìbòjú tó ń lé èèyàn, ṣé ọmọ Èkó ò rí Èyò rí ni? Òótọ́ ni. Èyò bò látorí dẹ́sẹ̀, aṣọ funfun, akẹtẹ̀ lórí, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́, èèyàn ò mọ̀ bóyá bùọ̀dá tó ń tún fóònù ṣe ní ìsàlẹ̀ ilé wa ló ń bọ̀ yẹn, a sì ń bọ́ sálúbàtà fún un, ẹni tó di ṣùkú ń sá, a tún ń jó. Mo yọ̀ fún ẹ, mo yọ̀ fún ara mi! Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀, ẹ̀rù ọ̀wọ̀ ni, ó sì ní ìdí, ó ní ọjọ́, ó ní ilé tó ti jáde. Tó bá dalẹ́, ó máa bọ́ ọ. Bùọ̀dá á padà sídìí fóònù. Tó bá wá jẹ́ pé láàárọ̀ Monday a dé ṣọ́ọ̀bù tá a bá a níbẹ̀ tó fi aṣọ yẹn bojú, tó ń ta screen guard, tí kò sọ fún wa pé kí ló dé, ẹ wò ó, gbogbo àdúgbò ló máa kó jáde. Ohun tí Hooper ṣe nìyẹn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, òun wá gbé ojú lọ, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ìlú kí wọ́n máa sọ ọ́ fúnra wọn.

Ìlú sì sọ ọ́. Wọ́n yan àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n lọ bi í, àwọn yẹn jókòó síwájú ẹ̀, aṣọ dúdú ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń mí, wọ́n dákẹ́, wọ́n padà wálé. Ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ, Elizabeth, nìkan ni kò bẹ̀rù. Ó wọlé, ó jókòó, ó ní kò sí nǹkan tó ń dẹ́rù bani nínú aṣọ yìí, àfi pé ó bo ojú tínú mi máa ń dùn láti rí, ṣí i, lẹ́yìn náà kó o sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Hooper ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo wa máa ṣí tiwa, títí dìgbà yẹn òun ò lè ṣí i. Elizabeth ní ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré, wò mí lójú. Hooper ní kò ṣeé ṣe láéláé. Elizabeth ní ó dàbọ̀.

Màmá kan tó jókòó síwájú níbí ò jẹ́ kí n parí, wọ́n ní kí ló ṣe gan-an ná? Kí ni pásítọ̀ yẹn ṣe? Ẹ ṣé Màmá, ìbéèrè tí gbogbo Milford ń bèèrè náà nìyẹn, Poe náà bèèrè ẹ̀. Ní 1842 tó ń ṣàtúpalẹ̀ ìwé Hawthorne nínú magasíìnì Graham's, ó ní ẹni tó bá gbọ́n á rí i pé ìwà ọ̀daràn kan wà láàárín pásítọ̀ àti ọmọbìnrin tó kú yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà á gbọ́ títí dòní. Hawthorne fúnra ẹ̀ sì fi àlàyé kan sísàlẹ̀ ìtàn yẹn, ó ní pásítọ̀ kan wà lóòótọ́, Joseph Moody, ní ìlú York ní Maine, tó bo ojú ẹ̀ títí ó fi kú torí pé nígbà èwe ẹ̀ ó ṣèèṣì pa ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó wá fi kún un pé ti Moody, ìtumọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti Hooper. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ẹ̀? Ó gbé ìdáhùn kan wá síwájú wa, ó tún fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e kúrò.

Èmi ò rò pé ó yẹ ká máa wá ohun tó ṣe. Tá a bá mọ̀ ọ́n báyìí, ká ní ó pa èèyàn tàbí ó bá obìnrin kan sùn, gbogbo wa la máa mí kanlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di tiẹ̀ nìyẹn, àwa ti bọ́. Torí pé a ò mọ̀ ni aṣọ yẹn ṣe di àrokò tí kálukú ní láti fi ohun tó wà nínú tiẹ̀ tú. Ìyá arúgbó tó rí òkú tó gbọ̀n, kí ló wà nínú òun náà? Àwọn ọmọdé tó ń sá, ta ló kọ́ wọn? Àwọn tó ń yọjú lẹ́yìn sàréè nírọ̀lẹ́ láti wo ojú ẹ̀ bó ṣe ń kọjá, kí ni wọ́n ń retí? Àwọn tó ń kú lọ ńkọ́, tí ọkàn wọn ò balẹ̀, tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè, tí wọn ò ní jẹ́ kí èémí bọ́ títí á fi dé, tó bá wá dé tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ wọn tán, ojú yẹn tún ń dẹ́rù bà wọ́n.

Nígbà tí Hooper náà ń kú, pásítọ̀ Clark láti Westbury ní kí wọ́n jẹ́ kóun ṣí aṣọ yẹn. Arúgbó tó ti rọ jọ̀wọ̀rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yìí fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ mú, ó ní kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gbọ̀n nítorí mi nìkan, ẹ gbọ̀n nítorí ara yín náà, mo wò yí ká, ìbòjú dúdú wà lójú gbogbo yín! Wọ́n sin ín tòun ti aṣọ yẹn.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mo gbà. Àmọ́ mi ò pàtẹ́wọ́ fún Hooper bí àwọn tíṣà kan ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó mọ̀ pé gbogbo wa là ń bojú, tí ẹnì kan ṣoṣo wá bẹ̀ ẹ́ pé ṣí tìẹ fún mi lẹ́ẹ̀kan, tó ní rárá, ìgbéraga díẹ̀ wà nínú ìrẹ̀lẹ̀ yẹn. Bẹ́ ẹ bá lọ kà á dáadáa, ẹ máa rí i pé ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ lórí ibùsùn ikú, Elizabeth yẹn náà ni. Hawthorne ò pariwo ẹ̀, gbólóhùn bíi méjì ló fi sọ ọ́. Màmá tó béèrè ìbéèrè ní tòun ni, òun ò lè fẹ́ ọkùnrin tó ń bojú, ṣùgbọ́n òun máa lọ bá a se ọbẹ̀ tó bá ń ṣàìsàn. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá jàre.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Salem, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Salem ní Massachusetts ni wọ́n bí Hawthorne sí, 4 July 1804. Ìlú yẹn náà ni wọ́n ti ṣe ẹjọ́ àjẹ́ ní 1692, tí wọ́n so èèyàn mọ́kàndínlógún rọ̀, tí wọ́n tún fi òkúta tẹ bàbá arúgbó kan, Giles Corey, pa torí pé ó kọ̀ láti dá wọn lóhùn. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó tó ń wádìí ẹjọ́, tó ń bú mọ́ àwọn obìnrin yẹn bí ẹni tó ti mọ̀ pé wọ́n jẹ̀bi, John Hathorne, bàbá bàbá bàbá bàbá Hawthorne ni. Ẹ bá mi kà á kó má pọ̀ jù. Nígbà tí Hawthorne dàgbà, ó fi lẹ́tà kan kún orúkọ yẹn, w tẹ́ ẹ̀ ń rí níbẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ẹ̀rí tí wọ́n fi so àwọn èèyàn yẹn rọ̀ ló ṣe pàtàkì fún wa. Ọmọbìnrin kan á dìde ní kóòtù, á ní òun rí àwòrán Ìyá Lágbájá lóru, ó wá fún òun lọ́rùn. Ìyá Lágbájá á ní òun wà lórí bẹ́ẹ̀dì òun nílé. Wọ́n á ní ara ẹ ló wà nílé, ẹ̀mí ẹ ló jáde. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ jà fún ara ẹ̀ níbẹ̀? Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o, ní Èkó yìí, ní ọdún tá a wà yìí, wọ́n ṣì ń lé ìyá àgbà kúrò nílé ọmọ tó bí torí pé wòlíì kan rí i nínú ìran, tàbí ìyàwó ilé lálàá pé ó gbé oúnjẹ fún òun lójú orun.

Kẹ́ ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ka "Young Goodman Brown", tó jáde ní 1835. Ọkọ ìyàwó tuntun kan, oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó dágbére fún ìyàwó ẹ̀ tó fi rìbọ́ọ̀nù pínkì sí fìlà, ó ní òun ní ìrìn kan láti rìn lóru yìí nìkan, ó wọ inú igbó lọ. Ìyàwó yẹn ń jẹ́ Faith, Hawthorne ò fi tiẹ̀ pa mọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò tó ń jẹ́ Faith ẹ má bínú. Bàbá kan pàdé ẹ̀ nínú igbó, ọ̀pá ọwọ́ ẹ̀ rí bí ejò dúdú. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni Brown ń rí àwọn èèyàn: Goody Cloyse, ìyá tó kọ́ ọ ní katikísìmù, díákónì ìjọ, pásítọ̀, gbogbo wọn ló ń lọ sí ìpàdé èṣù láàárín òru. Ó wòkè, rìbọ́ọ̀nù pínkì kan já bọ́ látojú ọ̀run. Ó figbe ta pé Faith òun ti lọ! Nígbà tó débi ìpàdé tí iná ń jó lókè igi, ìlú ẹ̀ ló pé síbẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ló wà níwájú, Brown sì pariwo sí i pé kó wòkè kó kọ̀ fún ẹni ibi. Lójú ẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀ pòórá, òun nìkan ló kù nínú igbó, ìrì ń kán sí i lára.

Ṣé àlá ni àbí òótọ́? Hawthorne bèèrè, kò dáhùn. Àmọ́ látọjọ́ yẹn Brown ò lè gbọ́ orin ìsìn mọ́, tí ìyá Cloyse bá ń kọ́ ọmọ kékeré ní katikísìmù, á já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ sáré wá pàdé ẹ̀ pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù yẹn lórí, ó wò ó, ó kọjá láìkí i. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kú, wọn ò rí ọ̀rọ̀ ìrètí kankan kọ sórí sàréè ẹ̀.

Orúkọ Cloyse yẹn, Hawthorne ò hùmọ̀ ẹ̀. Sarah Cloyce wà lára àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní 1692. Orúkọ Martha Carrier náà wà nínú ìtàn yẹn, òun ni wọ́n so rọ̀ ní oṣù August ọdún yẹn. Ẹ wo ohun tó ṣe: ó mú orúkọ àwọn obìnrin tí baba ńlá ẹ̀ ń bú mọ́ ní kóòtù, ó fi wọ́n sínú ìtàn níbi tí wọ́n ti jẹ́ àjẹ́ lóòótọ́, ìwọ òǹkàwé wá ń mi orí pé háà, ìyá yìí náà? O ti di Hathorne nìyẹn. Ohun tí Brown rí lóru, àwòrán ni, irú ẹ̀rí yẹn gan-an, o sì ti gbà á wọlé. Nígbà tó yé mi báyìí, mo ní láti gbé ìwé yẹn sílẹ̀ ná. Kò tún wá sí ibì kankan nínú ìtàn náà tí Brown ti bi ara ẹ̀ pé èmi gan-an, kí ni mo wá dé inú igbó? Òun ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀. Ó rí ẹ̀ṣẹ̀ díákónì, ó rí ti pásítọ̀, ó rí ti ìyàwó, tiẹ̀ nìkan ni kò rí.

"The Birth-Mark" tí mo ní mo máa kàn, mo máa yára lórí ẹ̀ torí jẹnẹrétọ̀ yìí ò ní epo púpọ̀. Aylmer, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fẹ́ Georgiana, obìnrin tó rẹwà débi pé kò kù síbì kan, àfi àmì pupa kékeré kan tí wọ́n bí mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, ó rí bí àtẹ́lẹwọ́ tín-ín-tín. Àwọn ọkùnrin tó ti ń dẹnu kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ní iwin ló fọwọ́ kàn án nígbà tí wọ́n bí i. Àwọn obìnrin kan ní ó bà á lójú jẹ́. Ọkọ ẹ̀ wá ń wò ó láàárọ̀, ó ń wò ó lálẹ́ nídìí iná, títí ìyàwó fi kórìíra ojú ara ẹ̀ ju bí ọkọ ṣe kórìíra ẹ̀ lọ. Ọkọ lálàá pé òun ń fi ọ̀bẹ gé àmì yẹn, bóun ṣe ń gé e ló ń wọlé sí i, títí ọwọ́ kékeré yẹn fi di ọkàn ìyàwó mú. Síbẹ̀ ó po oògùn fún un. Ó mu ún, àmì ń ṣá lọ, bó ṣe ṣá tán ni obìnrin yẹn kú. Aminadab tó ń bá Aylmer ṣiṣẹ́, tí èéfín ti bò lára, tí kò kàwé, ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tó bá jẹ́ ìyàwó òun ni, òun ò ní yọ àmì yẹn kúrò láé.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀ Aylmer. Georgiana kà á, ó rí i pé gbogbo iṣẹ́ ńlá tí ọkọ òun ti dáwọ́ lé, ibi tó fẹ́ dé kọ́ ló dé, ó sunkún, ó sì tún fẹ́ràn ẹ̀ sí i. Òun rí àléébù ọkọ, ó gbé e mọ́ra. Ọkọ rí tiẹ̀, ó po oògùn.

Bí àwọn àgbà kan ṣe ń sọ ọ́, Ọbàtálá mu ẹmu yó lọ́jọ́ tó ń mọ èèyàn, àwọn tó mọ lọ́jọ́ yẹn ni abuké, arọ, àfín. Nígbà tójú ẹ̀ wálẹ̀, kò ní kí wọ́n fọ́ wọn pa kóun tún wọn mọ. Ó gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ òun, ẹni òrìṣà là ń pè wọ́n dòní, ẹmu ló di èèwọ̀ fún àwọn tó ń sìn ín. Ẹni tó mọ nǹkan ló lọ tún ìwà ara ẹ̀ ṣe. Mo máa ń fẹ́ bi àwọn tó ń ta ìpara bíbóra ní ọjà pé nínú àwọn méjèèjì yìí, ọmọ iṣẹ́ ta ni wọ́n.

Ó ti tó. Ìbéèrè ló kù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde látẹ̀yìn, ó ní sà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dùn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé gbogbo wa la bojú, ta ló máa wá mú àwọn tó ń kówó ìlú jẹ? Ṣé ká máa wò wọ́n torí pé àwa náà ní àléébù? Mo ní ó gbọ́n, irú ìbéèrè tí mo fẹ́ nìyẹn. Tí wọ́n bá kówó jẹ, ìtàn Hooper kọ́ lo máa gbé wá, ìtàn Ìjàpá ni. Ẹ̀bẹ yẹn, ẹnì kan ló gbé e kaná, ẹni yẹn ò sì rí jẹ. Bi í pé níbo ló wà.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ Samuel Sewall fún un. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ẹjọ́ àjẹ́ Salem lòun náà. Ní oṣù January ọdún 1697, ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ní Boston, ó kọ ìwé kan fún pásítọ̀, pásítọ̀ ń kà á sókè lójú gbogbo ìjọ pé Sewall gba ẹ̀bi àti ìtìjú ẹjọ́ yẹn, òun alára sì dìde dúró láàárín wọn títí wọ́n fi kà á tán, ojú ẹ̀ ò bò.

Ọmọ yìí ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyẹn jí àwọn tó kú? Mo ní kò jí wọn. Ní 1711 ìjọba Massachusetts dá orúkọ méjìlélógún nínú àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi padà sípò, wọ́n sì san owó fún àwọn ẹbí. Ó ní baba ńlá Hawthorne tó jẹ́ adájọ́ yẹn ńkọ́, ṣé òun náà dìde? Mo ní kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé John Hathorne tọrọ àforíjì. Ọmọ ọmọ ọmọ ọmọ ẹ̀ ló kọ ọ́ síwájú ìwé ńlá kan tó gbé jáde ní 1850, ó ní òun tóun ń kọ̀wé yìí, òun dúró fún àwọn baba ńlá òun, òun sì gba ìtìjú wọn sórí ara òun.

Ó ní òun máa lọ kà á fúnra òun kóun tó gbà. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ látorí oníbòjú yẹn, gbogbo ẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kò gbà ju dátà díẹ̀ lọ.